Ìyapa àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà (USA), 1860 sí 1861: ṣé ọ̀rọ̀ ẹrú ni, àbí owó ibodè, àbí ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀?

Akínkúnmi_B

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló mú kí ìpínlẹ̀ 11 ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ya kúrò lára ìjọba àpapọ̀ láàárín oṣù Kejìlá 1860 sí oṣù Kẹfà 1861? Àwọn kan ní oko ẹrú ni, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn kan ní owó ibodè tí ìjọba ń gbà lórí ọjà òkèèrè ló ń pa àgbẹ̀ olówùú lára. Àwọn mìíràn sì ní ẹ̀tọ́ tí ìpínlẹ̀ ní láti ṣe bó ṣe wù ú ni wọ́n ń jà fún. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé ìgbà náà gan-an dá a lẹ́jọ́, ká má fi ohun tí wọ́n kọ lẹ́yìn tí wọ́n pàdánù ogun ṣe é. Mo tún ní ìbéèrè kejì: báwo ni ìpínlẹ̀ kan ṣe ń ya kúrò? Ta ló ń pe ìpàdé, ta ló ń dìbò?

Ìyá_Àgbà_Ìwé

Ẹ kú ìbéèrè. Ká tó wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn yìí ti máa ń dàrú. Ìdí tí ìyàwó fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lè yàtọ̀ pátápátá sí ìdí tí ọkọ fi dí ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù Keje 1861, ilé aṣòfin ní Washington dìbò pé torí kí orílẹ̀-èdè má bàa fọ́ làwọn ṣe ń jà, pé àwọn ò jà láti da ètò ẹrú rú. Àwọn kan á di ìyẹn mú, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i, ọ̀rọ̀ ẹrú kọ́." Ìdí tí Àríwá fi gbé ìbọn nìyẹn. Ìdí tí Gúúsù fi lọ ni Akínkúnmi ń béèrè.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. South Carolina kọ́kọ́ lọ, ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá 1860. Ní oṣù Kìíní 1861, Mississippi tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 9, Florida ní ọjọ́ 10, Alabama ní ọjọ́ 11, Georgia ní ọjọ́ 19, Louisiana ní ọjọ́ 26. Texas dìbò tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì. Wàyí o, ẹ mú ìkànìyàn 1860, kí ẹ wo iye ẹrú nínú gbogbo ènìyàn ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. South Carolina jẹ́ ìdá 57 nínú 100, Mississippi 55, Louisiana 47, Alabama 45, Florida àti Georgia 44, Texas 30. Àwọn mẹ́rin tó dúró títí ogun fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó lọ ni North Carolina 33, Virginia 31, Arkansas 26, Tennessee 25. Àwọn mẹ́rin tó ní ẹrú síbẹ̀ tí wọn ò lọ rárá ni Kentucky tí kò pé 20, Maryland 13, Missouri 10, àti Delaware tí kò pé 2.

Ẹrú gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lápapọ̀ jẹ́ 3,953,760. Ẹni tó bá ní owó ibodè ló fà á, kó wá àtẹ owó ibodè tó tò bí èyí ṣe tò. Ọjà òkèèrè tó bá wọ èbúté Charleston àti èyí tó bá wọ èbúté Boston, owó kan náà ni wọ́n ń san lé e.

Ṣadé_Àkọsílẹ̀

Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é. South Carolina ni kí á fi ṣe àpẹẹrẹ torí òun ló là ọ̀nà.

Ní 1860, South Carolina nìkan ṣoṣo ni ará ìlú kì í dìbò fún ààrẹ. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ fúnra wọn ló ń yan àwọn tí yóò lọ dìbò yan ààrẹ lórúkọ ìpínlẹ̀. Nítorí náà, ilé aṣòfin ti wà ní ìjókòó ní Columbia ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ kan ṣáájú ìdìbò. Gómìnà William Gist ní kí wọ́n má tíì túká títí èsì yóò fi dé. Ní ọjọ́ 7, ìròyìn dé pé Abraham Lincoln, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹrú tàn dé ilẹ̀ tuntun, ti wọlé ìbò ààrẹ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Andrew Magrath, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Charleston, fipò sílẹ̀ ní gbangba ilé ẹjọ́. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró kí wọ́n tó dìbò ìyapa rárá.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni pé kí ilé aṣòfin ṣòfin tí yóò pe àpérò àwọn aṣojú. Kí ló dé tí ilé aṣòfin kò fi dìbò ìyapa fúnra rẹ̀? Torí pé àpérò àwọn aṣojú ló fọwọ́ sí òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè ní South Carolina, ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 1788. Ohun tí àpérò dì, àpérò ni yóò tú u. Ìdí nìyí tí ìwé ìyapa wọn kò fi gùn: ó kàn pa ìwé ọjọ́ náà rẹ́ ni, ó sì ní ìrẹ́pọ̀ tó wà láàárín South Carolina àti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ti tú ká.

Ní àkọ́kọ́ wọ́n fẹ́ kí àpérò jókòó ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní. Àwọn tó ń kánjú rí i pé bí oṣù méjì bá kọjá, ara àwọn ènìyàn á ti rọlẹ̀. Wọ́n fa ìdìbò aṣojú wá sí ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, àpérò sí ọjọ́ 17. Àrùn ìgbóná (ṣànpọ̀nná) bẹ́ sílẹ̀ ní Columbia, wọ́n sì kó lọ sí Charleston. Ìbò 169 sí òdo ni wọ́n fi gbé e kọjá ní ọjọ́ 20.

Ọ̀nà yìí ni àwọn yòókù tọ̀, àmọ́ ìbò wọn kò rí bákan náà. Mississippi jẹ́ 84 sí 15, Florida 62 sí 7, Alabama 61 sí 39, Georgia 208 sí 89, Louisiana 113 sí 17, Texas 166 sí 8. Ẹ má ka àwọn 39 ti Alabama sí àwọn tó fẹ́ràn ìjọba àpapọ̀ o. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ ni pé kí wọ́n dúró, kí gbogbo ìpínlẹ̀ ẹrú jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Georgia náà, ọ̀rọ̀ sún mọ́ra ju bí ìbò ìkẹyìn ṣe fi hàn lọ: lọ́jọ́ tó ṣáájú ìbò ìkẹyìn, 166 sí 130 ni.

Nínú ìpínlẹ̀ 11, mẹ́ta péré ló gbé ìwé ìyapa padà síwájú ará ìlú kí wọ́n dìbò sí i: Texas, Virginia àti Tennessee. Ti Virginia àti Tennessee, ogun ti bẹ̀rẹ̀ kí ará ìlú tó dìbò.

Délé_Tẹ́ẹ̀sì

Mo bọ̀wọ̀ fún Màmá, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ẹrú wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń sáré kọjá owó ibodè. Ní 1828 ìjọba àpapọ̀ gbé owó ibodè ga débi pé ní oṣù Kọkànlá 1832 South Carolina pe àpérò bí irú èyí tí Àǹtí Ṣadé júwe yìí, ó kéde pé òfin náà kò múlẹ̀ ní ilẹ̀ rẹ̀. Ààrẹ Andrew Jackson halẹ̀ mọ́ wọn pẹ̀lú ọmọ ogun, kí wọ́n tó fi òfin 1833 bẹ owó náà wálẹ̀. John Calhoun, olóṣèlú South Carolina, ló kọ àlàyé tí wọ́n dúró lé, ọgbọ́n rẹ̀ náà sì ni àwọn ará 1860 gbé lò.

Ẹ̀rí ti 1860 gan-an tún wà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ìwé méjì ni àpérò South Carolina fọwọ́ sí. Christopher Memminger kọ ọ̀kan. Robert Barnwell Rhett kọ èkejì, ó kọ ọ́ sí àwọn ìpínlẹ̀ ẹrú yòókù. Ìwé Rhett fi owó orí ṣáájú: ó ní bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ṣe sí àwọn baba wọn ní 1776 ni Àríwá ń ṣe sí Gúúsù. Òwú sì ju ìlàjì gbogbo ọjà tí Amẹ́ríkà ń kó ránṣẹ́ sí òkèèrè lọ. Wọ́n ń tà á ní Liverpool láìsí ààbò kankan, wọ́n sì ń fi owó gọbọi ra irin àti aṣọ tí owó ibodè ń dáàbò bò. Ìyà gidi ni.

Ìyá_Àgbà_Ìwé

Délé ọmọ mi, inú mi dùn pé o dárúkọ ìwé méjèèjì, torí ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ 1832 náà, òótọ́ ni. Àmọ́ wo ẹni tó tẹ̀ lé South Carolina lọ́dún náà: kò sí ìpínlẹ̀ kankan. Ẹjọ́ owó ibodè nìkan kò lè fa Alabama tàbí Georgia jáde. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà tí ẹjọ́ di ti ẹrú.

Ká wá wo owó ibodè ní 1860 gan-an. Òfin 1857 ló wà nílẹ̀, ó sì fa owó náà wálẹ̀ dé ibi tí kò tíì dé láti nǹkan bí 1816. Àwọn aṣòfin Gúúsù fúnra wọn ló tì í lẹ́yìn. Èyí tí wọ́n máa ń tọ́ka sí ni òfin tí Justin Morrill ará Vermont gbé wá. Ilé aṣojú-ṣòfin gbà á ní oṣù Karùn-ún 1860, lóòótọ́, ṣùgbọ́n Robert Hunter ará Virginia ló wà ní ipò alága ìgbìmọ̀ ìṣúná ní ilé àgbà, ó sì jókòó lé e. Oṣù Kejì 1861 ni ilé àgbà tó gbà á, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ méje náà ti kó ìbò wọn lọ sílé. Lílọ wọn ló ṣí ọ̀nà fún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyapa, báwo ni yóò ṣe jẹ́ ìdí ìyapa?

Ka ìwé Memminger láti òkè dé ìsàlẹ̀: kò sí owó ibodè níbẹ̀. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá kò dá ẹrú tó bá sá padà, pé wọ́n gba ẹgbẹ́ tó ń bú ètò ẹrú láyè, pé àwọn kan nínú wọn sọ ènìyàn dúdú di ọmọ ìlú tó ń dìbò, àti pé wọ́n ti yan ààrẹ tó kórìíra ẹrú. Ti Mississippi kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Nínú gbólóhùn kejì ni wọ́n ti sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn so mọ́ ètò ẹrú pátápátá, ọrọ̀ tó tóbi jù lọ láyé. Ti Georgia sọ ìtàn owó ibodè, ó sì sọ fúnra rẹ̀ pé wọ́n ti yanjú ìyẹn ní 1846, kó tó kọjá sórí ẹrú. Texas fi gbólóhùn kan kan án, ó tún fi ẹjọ́ ààbò ẹnu ibodè tirẹ̀ kún un, ó sì padà sórí ẹrú. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ han ayé, àwa ń bá wọn tọ́jú làpálàpá.

Ọmọ_Òlókè

Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀, torí òun ló ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn létè jù. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ẹni tó bá sọ ọ́ ni: ẹ̀tọ́ láti ṣe kí ni? Ẹ sì wo apá ibi tí Gúúsù dúró sí nígbàkigbà tí agbára ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ bá forí gbárí lórí ẹrú.

Òfin ẹrú tó sá, ti 1850. Ìjọba àpapọ̀ yan kọmíṣọ́nnà tí yóò gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹni tí wọ́n mú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ gbèjà ara rẹ̀, kò sì sí ìgbìmọ̀ ará ìlú tí yóò dá ẹjọ́ náà. Bí kọmíṣọ́nnà bá dá a padà sóko ẹrú, dọ́là 10 ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá dá a sílẹ̀, dọ́là 5. Ará ìlú tó bá fi ẹni tó sá pamọ́ lè san ìtanràn tó tó 1,000 dọ́là, kó sì ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Gúúsù ló bèèrè òfin yìí. Nígbà tí Wisconsin lo ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ tirẹ̀ láti tako òfin náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ bì í ṣubú ní 1859, Gúúsù sì yọ̀.

Ẹjọ́ Lemmon náà ńkọ́? Ìdílé kan láti Virginia kó ẹrú mẹ́jọ gba New York kọjá lọ sí Texas ní 1852. Ilé ẹjọ́ New York dá àwọn mẹ́jọ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ìwé Memminger kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ pé New York kò jẹ́ kí wọ́n kó ẹrú gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Ní oṣù Kẹrin 1860, ẹgbẹ́ Democrat pàdé ní Charleston. Àwọn aṣojú Gúúsù ní kí ẹgbẹ́ ṣèlérí pé ìjọba àpapọ̀ yóò máa dáàbò bo ẹrú ní gbogbo agbègbè tí kò tíì di ìpínlẹ̀, bí ará ibẹ̀ fẹ́ bí wọ́n kọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ kò gbà, William Yancey àti àwọn ará Alabama ṣáájú, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn jáde. Ẹgbẹ́ pín sí méjì: Stephen Douglas fún Àríwá, John Breckinridge fún Gúúsù. Ẹni tó ń bèèrè pé kí Washington fi tipátipá dáàbò bo ẹrú ní Kansas kò lè sọ pé agbára Washington lòun ń sá fún.

Délé_Tẹ́ẹ̀sì

Ọmọ_Òlókè, mo gbà lórí ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀. Mi ò lè jà á níyàn pẹ̀lú ẹjọ́ Lemmon níbẹ̀.

Akínkúnmi_B

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun kan ṣì ń rú mi lójú. Àlàkalẹ̀ ẹgbẹ́ Lincoln sọ pé àwọn ò ní fọwọ́ kan ẹrú níbi tó ti wà, àwọn ò kàn ní jẹ́ kó tàn dé ilẹ̀ tuntun. Agbára wo ló ní tí wọ́n fi ń sá? Kí sì ló kan òtòṣì aláwọ̀ funfun tí kò ní ẹrú kankan?

Ṣadé_Àkọsílẹ̀

Ìbéèrè rẹ gan-an ni Alexander Stephens bi wọ́n ní Milledgeville, Georgia, ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá 1860. Ó ní ẹgbẹ́ Lincoln kò ní ju ìlàjì ní ilé méjèèjì bí Gúúsù bá dúró, pé Lincoln kò lè yan mínísítà pàápàá láìgba àṣẹ ilé àgbà. Wọn ò gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 1861, òun fúnra rẹ̀ ti di igbákejì ààrẹ Confederacy, ìjọba tuntun tí àwọn ìpínlẹ̀ tó ya kúrò dá sílẹ̀, ó sì dúró ní Savannah, ó ní òkúta igun ilé ìjọba tuntun náà ni pé ènìyàn dúdú kò bá funfun dọ́gba, pé ipò ẹrú ni ipò rẹ̀.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù kò ní ìbò ilé aṣòfin nínú. Àkọ́kọ́ ni ìyànsípò. Ààrẹ ló ń yan ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́, ọ̀gá ibodè ní èbúté, agbẹjọ́rò ìjọba, adájọ́. Láti 1835, tí àwọn jàǹdùkú ti jó ìwé àwọn tó ń tako oko ẹrú ní Charleston, àwọn ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ Gúúsù kì í jẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ ènìyàn. Bí Lincoln bá yan òtòṣì funfun kan láti orí òkè Tennessee tàbí àríwá Alabama sí iṣẹ́ yẹn ńkọ́? Ìwé á wọlé, ẹgbẹ́ á ní ọmọlẹ́yìn ní Gúúsù, ìbò á bẹ̀rẹ̀ sí í pín.

Ẹ rántí pé ìjọba kì í tẹ ìwé ìdìbò nígbà náà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ tirẹ̀, tó ń pín in lẹ́nu ibi ìdìbò. Ní ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án nínú 11 náà, kò sí ẹni tó jẹ́ pín ìwé Lincoln. Ní South Carolina, ará ìlú kò dìbò rárá. Virginia nìkan ló ti rí ìwọ̀nba ìbò díẹ̀. Síbẹ̀ ó wọlé pẹ̀lú 180 nínú ìbò 303 tí àwọn ìpínlẹ̀ ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ará ìlú ló dìbò fún un. Ohun tí Gúúsù kà nínú èsì yẹn ni pé orílẹ̀-èdè lè yan ààrẹ láì nílò ìbò wọn rárá.

Èkejì ni owó. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé fojú bu iye owó àwọn ẹrú náà sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 dọ́là. Ọrọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ kò dúró lórí ohun tí òfin sọ lónìí nìkan, ó dúró lórí ohun tí ẹni tó ń rà á rò pé yóò rí lọ́dún 20 sí i. Bí ilẹ̀ tuntun bá tì, tí ẹrú sì ń pọ̀ sí i nílẹ̀ àtijọ́, iye owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi takú sórí agbègbè tí ẹrú kò pọ̀ níbẹ̀ rárá.

Ní ti àwọn tí kò ní ẹrú, ẹ má gbàgbé pé ìdílé funfun tó ní ẹrú tó ìdá 49 nínú 100 ní Mississippi, 46 ní South Carolina, 37 ní Georgia. Kì í ṣe àwọn ọlọ́rọ̀ díẹ̀ kan. Ẹni tí kò ní, bàbá rẹ̀ tàbí àna rẹ̀ lè ní, tàbí kó máa yá ẹrú lò lọ́dọọdún. Gómìnà Joseph Brown ti Georgia kọ lẹ́tà sí wọn ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1860: bí ẹrú bá dòmìnira, ẹ̀yin ni ẹ ó jọ máa du iṣẹ́ àti ilẹ̀, owó orí yín ni wọn ó fi san gbà-má-bínú fún olówó ẹrú, ẹ ó sì di ẹgbẹ́ wọn. Ìbẹ̀rù kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ má bàa bá wọn dọ́gba ni wọ́n fi kó wọn.

Délé_Tẹ́ẹ̀sì

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́rin ìkẹyìn, torí bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ̀ ń kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn méje àkọ́kọ́. Virginia dìbò lórí ìyapa ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 1861, àwọn tó kọ̀ ọ́ sì tó nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn tó fẹ́ ẹ. Àpérò Arkansas kọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹta. Ará ìlú Tennessee àti North Carolina kọ̀ láti pe àpérò pàápàá ní oṣù Kejì. Wọ́n mọ̀ nígbà náà pé Lincoln ti wọlé, wọ́n sì mọ ohun tó rò nípa ẹrú. Wọ́n dúró.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, àwọn ará Confederacy yìnbọn sí Sumter, odi ológun ìjọba àpapọ̀ ní èbúté Charleston. Ní ọjọ́ 15, Lincoln ní kí àwọn ìpínlẹ̀ kó ọmọ ogun 75,000 wá. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Virginia dìbò 88 sí 55 láti lọ. Ohun tó yí wọn lọ́kàn padà ni pé wọ́n ní kí wọ́n gbé ìbọn sí aládùúgbò wọn. Ìdí kan kọ́ ló kó gbogbo wọn lọ.

Ìyá_Àgbà_Ìwé

Òótọ́ lo sọ yìí, Délé, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Sumter ló ṣẹ́ igi náà. Ṣùgbọ́n Lincoln bèèrè ọmọ ogun lọ́wọ́ Delaware, Maryland, Kentucky àti Missouri náà, wọn ò sì lọ. Inú Virginia fúnra rẹ̀, àwọn tó wà lórí òkè ní ìwọ̀ oòrùn, tí ẹrú kò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, kọ ìyapa náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà 1863 wọ́n di West Virginia. Ìlà oòrùn Tennessee náà takú. Nínú ìpínlẹ̀ kan náà, lábẹ́ ìpè kan náà, ibi tí ẹrú pọ̀ sí lọ, ibi tí kò pọ̀ sí kọ̀.

Àwọn ìlàjà tí wọ́n gbìyànjú tún wà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 1860, John Crittenden ará Kentucky gbé àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ mẹ́fà wá, gbogbo wọn lórí ẹrú. Kò sí ọ̀kan lórí owó ibodè. Èyí tó gbórí ni pé kí wọ́n fa ìlà 36°30', ìlà orí àwòrán ilẹ̀ tó ya ilẹ̀ ẹrú kúrò lára ilẹ̀ òmìnira, dé òkun ìwọ̀ oòrùn, kí ẹrú ní ààbò ní gúúsù rẹ̀, títí kan ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́jọ́ iwájú. Lórí ìyẹn ni Lincoln ti dúró gbọnyin. Òmíràn ni àtúnṣe Thomas Corwin, pé ilé aṣòfin kò gbọ́dọ̀ ní agbára láé láti fọwọ́ kan ẹrú nínú ìpínlẹ̀ tó ti wà. Ilé aṣojú gbà á 133 sí 65, ilé àgbà 24 sí 12, Lincoln sì sọ lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀, ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1861, pé òun ò lòdì sí i. Kò sí ìpínlẹ̀ kan nínú méje tó padà. Bó bá jẹ́ ààbò ẹrú tó wà nílé nìkan ni wọ́n ń wá, a ti fún wọn.

Ọmọ_Òlókè

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ìyapa náà bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ kó tó dé ilé aṣòfin. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì pín ní 1844 lórí James Andrew, bíṣọ́ọ̀bù ará Georgia tó ní ẹrú. Ní oṣù Karùn-ún 1845, àwọn Onítẹ̀bọmi Gúúsù dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Augusta, Georgia, torí àwọn ará Àríwá kò fẹ́ rán olówó ẹrú gẹ́gẹ́ bí míṣọ́nnárì. Ẹgbẹ́ yẹn ló rán Thomas Bowen, ọmọ Georgia, wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1850, tó fi dé Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ogun sé èbúté Gúúsù, owó iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì tó wà lọ́dọ̀ wa di ọ̀wọ́n, lásìkò tí ogun Ìjàyè ń lọ lọ́wọ́.

Akínkúnmi_B

Ìyẹn gbé mi dé ìbéèrè mi tó kù. Ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah dé Mobile, Alabama, ní oṣù Keje 1860. Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, wà nínú wọn, ọmọ ìlú kan tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, ní apá ibi tí à ń pè ní Benin lónìí. Láti 1808 ni òfin ti ka irú òwò yẹn léèwọ̀, nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà sì ni Alabama ya kúrò. Ṣùgbọ́n mo rí i kà pé òfin ìpìlẹ̀ Confederacy náà ka kíkó ẹrú láti Áfíríkà léèwọ̀. Bí ẹrú bá jẹ́ gbogbo ẹ̀mí wọn, kí ló dé?

Ṣadé_Àkọsílẹ̀

Ìbéèrè tó jinlẹ̀ nìyí, àwọn kan sì máa ń fi í ṣe ẹ̀rí pé ọkàn wọn ti ń kúrò nínú ẹrú. Ẹ ka ohun tó yí i ká. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 1861 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin náà ní Montgomery. Nínú ẹsẹ̀ kẹsàn-án abala kìíní, ìlà kẹrin sọ pé ilé aṣòfin kò gbọ́dọ̀ ṣe òfin kankan tó tako níní ẹrú dúdú. Abala kẹrin sọ pé ọmọ ìlú lè kó ẹrú rẹ̀ gba ìpínlẹ̀ yòówù kó jẹ́, àti pé ní ilẹ̀ tuntun, ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Délé, òfin yìí náà ka owó ibodè tó ń dáàbò bo iléeṣẹ́ léèwọ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì, òfin Amẹ́ríkà tó wà nílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lódindi, owó ibodè 1857 sì wà nínú rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n tún fi owó lé òwú tó ń jáde, ìdá kan nínú mẹ́jọ sẹ́ǹtì lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ẹrú láti òkèèrè, ojú méjì ni wọ́n fi wò ó. Wọ́n nílò Gẹ̀ẹ́sì kó dá wọn mọ̀, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì ń lé àwọn oníṣòwò ẹrú ní etíkun wa nígbà náà. Èyí tó wúwo jù ni Virginia. Ẹrú rẹ̀ ju 490,000 lọ, títa wọn sí Mississippi, Alabama àti Louisiana sì jẹ́ òwò ńlá fún un. Bí ọkọ̀ bíi Clotilda bá ń wọlé ní gbangba, iye tí Virginia ń ta ènìyàn á já wálẹ̀. Nítorí náà ìlà kìíní nínú ẹsẹ̀ kẹsàn-án dí ẹnu ọ̀nà Áfíríkà, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ ẹrú tó ṣì wà lábẹ́ Washington. Ìlà kejì ní ilé aṣòfin lè dí ọ̀nà mọ́ ẹrú láti ìpínlẹ̀ èyíkéyìí tí kò bá wọ Confederacy. Virginia ni wọ́n kọ ọ́ sí: bí o bá wá, ọjà wa jẹ́ tìẹ nìkan, bí o bá jókòó síbẹ̀, a lè ti ọjà mọ́ ọ. Nígbà tí ìbọn fi dún ní Sumter, ìlà méjèèjì ti wà nílẹ̀ fún oṣù kan.